Ilé Ìkọ́ṣẹ́ Tí Kò Ní Ògiri

   

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí ọdún yìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n fẹ́ kí n sọ, nítorí aránṣọ ni mí. Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìránṣọ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé ẹgbẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Yorùbá fún àwọn ọmọ wa lórí fóònù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé bí mo bá máa sọ ọ́, n óò sọ ibi tí ó dùn, n óò sì sọ ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, nítorí àṣìṣe mi yẹn ná àwọn ẹlòmíràn lówó.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Ọ̀ffà ni bàbá mi ti wá sí Kaduna láti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní Kakuri. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ bí Kakuri ṣe rí láyé ọjọ́un. Ní 1957 ni wọ́n dá Kaduna Textiles sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ kún títì láàárọ̀ bí ẹni ń lọ sí ọjà. Ìyá mi a máa ra àjákù aṣọ tí wọ́n ń tà jáde, a sì máa fi rán aṣọ ọmọdé. Nígbà tí Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ló bọ́ wa, òun náà ló sì rán àwọn àbúrò mi lọ sí ilé-ìwé.

Bí ìyá mi ṣe ń gba ọmọ iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn bá lọ. Òbí ni yóò mú ọmọ wá, pẹ̀lú onídùúró. Wọn yóò kọ ìwé àdéhùn, wọn yóò gbàdúrà. Ìyá mi yóò béèrè ilé bàbá ọmọ, yóò sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kan. Lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí yóò máa ti bọ́tìnnì dé síìpù, títí di ọdún kẹta, nígbà tí wọn yóò ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un.

N kò mọ̀ nígbà yẹn pé nǹkan mẹ́ta ni ògiri ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ń ṣọ́. Èkíní ni ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀: ẹni tí kò bá wá síbẹ̀ kò lè rí i kọ́. Èkejì ni ìdánwò: ìyá mi dúró ti ọmọ nígbà tó ń gé aṣọ, ẹnikẹ́ni kò lè bá a gé e. Ẹ̀kẹta ni orúkọ: ó mọ òbí, òbí mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó lè lọ jí orúkọ rẹ̀ lò láti gba owó lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo gbé ìkọ́ṣẹ́ lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ògiri yẹn wó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níta gbangba.

Bí ó ṣe dé orí fóònù

Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ wa sé gbogbo wa mọ́lé nítorí àrùn kòrónà. Mo ní ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá. Mo dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, mo ń gé pépà lórí tábìlì yàrá ìdáná, àbúrò mi ń fi fóònù ká a sílẹ̀, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí mo rò pé yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́ta. Kí ó tó parí, àwọn tí n kò rí rí ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi àwọn náà kún un: ọmọ Yorùbá kan ní Sokoto, méjì ní Maiduguri, ọmọ Tiv kan ní Makurdi, ìyàwó ilé kan ní Funtua.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, wọn kò fẹ́ kí n dáwọ́ dúró. Ìdí rẹ̀ yé gbogbo wa. Ojú ọ̀nà ti di ohun tí ènìyàn ń gbààwẹ̀ kí ó tó gbà. Nígbà tí àwọn agbébọn sì kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Abuja sí Kaduna ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2022, mo mọ̀ pé kò sí ìyá kan ní Sokoto tí yóò tún fi ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ nítorí iṣẹ́ ìránṣọ.

Kíkọ́ ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn baba wa fi kàwé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944 nígbà tí ó ṣì wà nílé níbí. Ìjọba àpapọ̀ dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì tún un ṣí ní 2001. Ohun tó yí padà ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè ṣí ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, títí kan aránṣọ tí kò kọjá ìwé mẹ́wàá bí èmi.

WhatsApp kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí wọn kò torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá wọlé lónìí kò rí ẹ̀kọ́ àná. Fídíò ọrùn bùbá ti rì sáàrin ìkíni ọjọ́ ìbí àti àdúrà òwúrọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sọ fún mi nípa Moodle. Ẹ̀rọ ìkọ́ni ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọkùnrin kan ní Australia tó ń jẹ́ Martin Dougiamas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2002. Ẹ wò ó bí ilé tó ní yàrá púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, yàrá tó sanwó fún nìkan ni yóò rí. Ẹ̀kọ́ wà ní ìtẹ̀léra, ìdánwò wà níbẹ̀, ibi tí wọn yóò fi iṣẹ́ àṣetiléwá sí wà níbẹ̀, olùkọ́ sì ń rí ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ń sùn. Ọ̀fẹ́ tí mo wí yìí, ẹ má ṣe gbọ́ ọ ní àgbọ́yé: a ń sanwó fún ibi tí a gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹun.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo ń ṣe fídíò oníwákàtí kan. Mo gbàgbé pé dátà ni wọ́n fi ń wò ó, owó sì ni dátà. Ọmọ Funtua yẹn ló là mí lójú. Ó ní, "Màmá, fídíò yín kan ló jẹ dátà mi ti ọ̀sẹ̀ kan." Láti ìgbà náà, fídíò mi kò kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, iṣẹ́ kan péré ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí a ṣe ń wọn èjìká, bí a ṣe ń gé apá, bí a ṣe ń fi kọ́là mọ́ ọrùn. Lábẹ́ fídíò, mo ń kọ ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, kí ẹni tí dátà rẹ̀ tán lè kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi wà ní Yorùbá, wọ́n sì ti bá mi ṣe ti Hausa mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ kejì wá lọ́nà líle. Ní oṣù kẹwàá 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní kí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní apá kan ìpínlẹ̀ Kaduna nítorí àwọn agbébọn. Ó tó oṣù méjì. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ mi pòórá, n kò mọ̀ bóyá wọ́n wà láàyè. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, mẹ́ta nínú wọn ti dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló parí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó ti gba gbogbo ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Moodle ní ohun kan tí ènìyàn ń fi sórí fóònù, tó lè gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà yẹn, èmi ni n kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nísinsìnyí, ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìíní, kí a tó fọwọ́ kan tẹ́ẹ̀pù. Nígbà tí wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ọ̀dọ̀ wa bàjẹ́ ní ẹ̀bá Côte d'Ivoire ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta 2024, tí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ń pariwo, àwọn ọmọ mi ń rán aṣọ lọ.

Olè àkọ́kọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ẹnì kan fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Fídíò mi ni, méjìlélógójì lápapọ̀, wọ́n ń tà wọ́n ní ₦500. Ẹ̀rín mi wà níbẹ̀, ohùn mi wà níbẹ̀, tábìlì yàrá ìdáná mi wà níbẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ mi nígbà náà jẹ́ ₦12,000. N kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn rí aṣọ rẹ̀ lára ẹlòmíràn lọ́jà.

Mo bínú, mo sì ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti gbogbo nǹkan pa. Ó ti fídíò tó fi jẹ́ pé a kò lè gbà á sílẹ̀ mọ́. Ó ṣe é tó fi jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wọlé. Ó ní kí páswọ́ọ̀dù máa yí padà lóṣooṣù. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ta ni kọ́kọ́rọ́ yẹn mú? Olè gbé fóònù kejì síwájú fóònù àkọ́kọ́, ó sì ká a bẹ́ẹ̀. Títì yòówù kí a tì í, ohun tí ojú bá lè rí, kámẹ́rà lè rí i. Àwọn ọmọ tèmi ló jìyà. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára kò lè gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń yá fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò kò lè wọlé. Ìyá àgbà kan ní Zaria gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan, ó ní kí n dá owó òun padà kí òun lọ fi ra òwú. Mo ń lé olè, mo wá ń lé oníbàárà.

Olè kejì

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo dúró ti ilẹ̀kùn fídíò pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ògiri ti lanu lẹ́yìn mi, èmi fúnra mi ni mo sì là á.

Mo ní ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo kọ orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí, àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́fà. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, àwòrán, orúkọ òbí tàbí ọkọ, iye tí wọ́n san. Nígbà tí fírídọ̀ọ̀mù ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ 2022, mo fẹ́ kí wọ́n yẹ orúkọ wọn wò kí n má ṣe kọ ọ́ ní ìkọkúkọ sórí ìwé-ẹ̀rí. Mo ṣí ìwé náà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ju ojú ọ̀nà náà sínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, n kò tì í mọ́. N kò tilẹ̀ rántí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá kan pè mí láti Maiduguri. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ, ó wá ní, "Màmá, owó ìwé-ẹ̀rí tí ẹ ní kí a san, ṣé ó ti wọlé? A kò tíì gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ yín." Mo ní owó wo? Ó ní ₦15,000 tí mo fi nọ́ńbà mi tuntun béèrè. N kò ní nọ́ńbà tuntun.

Ó ka iṣẹ́ náà fún mi. Ẹni tó kọ ọ́ pe orúkọ rẹ̀, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sọ pé ọmọ náà ti san ₦12,000 ní oṣù kejì, ó sì fi àwòrán mi síbẹ̀. Àkáǹtì tí wọ́n ní kí ó san án sí kì í ṣe tèmi. Àjọ ni ìyá yìí bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó fún òun ṣáájú, kí ojú má baà ti ọmọ òun lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Mo ṣàlàyé fún un pé olè ni. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tí n kò lè gbàgbé títí tí n óò fi kú. Ó ní, "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe mọ orúkọ ọmọ mi?"

Kò pariwo, kò bú mi. Ìbéèrè lásán ni. Èmi nìkan ni mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹni mẹ́sàn-án ló san owó náà, ₦135,000 lápapọ̀. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan, mo san án padà fún wọn, mo sì kọ̀wé sí gbogbo àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́fà pé orúkọ yín ti jáde, ọwọ́ mi ló ti jáde, ẹ má ṣe fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí láti kọ ọ́. Àwọn kan ní kí n má kọ ọ́, wọ́n ní yóò ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ọmọ ìyá Maiduguri gba fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó yẹ kó wọlé tẹ̀lé e kò wá. N kò bi wọ́n léèrè ìdí.

Olè tó jí fídíò mi, èmi nìkan ló jà lólè. Olè tó jí orúkọ, àwọn tó fọkàn tán mi ló jà lólè. Ìlẹ̀kẹ̀ tèmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tì, mo sì fi ti àwọn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun tí a yí padà

A tún kọ́kọ́rọ́ wa tò. Orúkọ ló kọ́kọ́. A kì í gba ohun tí a kò nílò mọ́: kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ọkọ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe? Orúkọ àti nọ́ńbà kan tó. Inú Moodle ni wọ́n wà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rí tirẹ̀ nìkan. Èmi àti ẹnì kan péré la lè rí gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, fóònù wa gbọ́dọ̀ mú òǹkà kan jáde kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Òǹkà yẹn, a kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báǹkì lòun. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń tún Moodle ṣe ní gbogbo ìgbà tí àtúnṣe bá jáde, nítorí èyí tó ti gbó dà bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti jẹrà. Ní alẹ́ Sunday, a ń da gbogbo ẹ̀kọ́ kọ sí ibi méjì, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Ìlọrin, ibi tí a sì kó o sí ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀. Mo sì ti sọ ọ́ di òfin lójú gbogbo òbí: àkáǹtì kan ṣoṣo ni mo ní, kò ní yí padà láé, ẹni tó bá sọ pé ó ti yí padà, olè ni.

Ìdánwò ló tẹ̀lé e, nítorí ìwé-ẹ̀rí mi dà bí orúkọ ìyá mi. Nígbà kan, ọmọ kan fi àwòrán kaba tó dára gan-an ránṣẹ́. Nígbà tó wá sí Kaduna, kò lè fi síìpù sí aṣọ. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yà. Nísinsìnyí, ìdánwò kíkọ wà lórí ẹ̀rọ, ìbéèrè ọ̀kan kì í bá ti èkejì tò bákan náà. Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ ni mo gbára lé. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo ń fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ kan, yóò kọ ọ́ sí pépà, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, yóò sì ya á lẹ́ẹ̀mẹrin: nígbà tó gé e, nígbà tó fi abẹ́rẹ́ mú un, nígbà tó rán an, àti inú rẹ̀ níta. Ẹ̀yin aránṣọ mọ̀ pé ìta aṣọ lè parọ́, inú aṣọ kì í parọ́. Lẹ́yìn náà, a ó pe ara wa lórí fídíò, n óò ní kí ó tú ibì kan kí ó tún un rán lójú mi. Ìwé-ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ náà síṣẹ́ lè fi nọ́ńbà yẹn wádìí lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni mo fi ṣe ìkẹta. Mo ní kí wọ́n ṣí fídíò padà, ẹnikẹ́ni tó bá sanwó lè gbà á sílẹ̀. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára rẹ̀ ní kékeré, kí ẹni tó bá fẹ́ tà á mọ̀ pé orúkọ òun ni òun ń tà. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tuntun tí ìjọba buwọ́ lù ní 2023 dáàbò bo fídíò pẹ̀lú, bí ọ̀rọ̀ bá di ti lọ́yà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣíwọ́ sísá tẹ̀lé wọn. Ẹni tó ra fídíò mi ní ₦500 kò rí mi pè nígbà tí apá bùbá bá ká kò. Ẹni tó wà nínú kíláàsì a máa pè mí. Ìyẹn ni wọn kò lè jí.

Ọ̀rọ̀ mi fún ẹgbẹ́

Mo gbọ́ pé kíláàsì Yorùbá tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yóò gba àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́fà. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Kaduna, tí wọ́n ń sọ Hausa bí ẹni mu omi, yóò lè kí ìyá àgbà nílé láìsí ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìpàdé tí àwọn kan ń béèrè bí a ṣe máa ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò fi ní jí ẹ̀kọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jí i! Bí ọmọ Yorùbá kan ní Yola bá jí A, B, D wa kọ́, ṣé a pàdánù?

Orúkọ àwọn ọmọ ni kí ẹ ṣọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023, sọ pé òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó gba ọ̀rọ̀ nípa ọmọdé. Ó tún sọ pé bí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ bá tú tó sì lè pa ènìyàn lára, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún àjọ tí ìjọba yàn sídìí rẹ̀ láàrin wákàtí 72. Ìlànà kan ti wà kí òfin yìí tó dé, láti 2019. N kò kà á nígbà náà. Ẹ̀yin, ẹ kà á.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá ẹ̀rọ, ẹ jókòó, kí ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni a nílò láti mọ̀ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ni a kò nílò? Ta ni yóò rí i, ta sì ni yóò pa á rẹ́ nígbà tí ọmọ bá jáde? Bí olè bá pe ìyá ọmọ ní orúkọ ẹgbẹ́, báwo ni ìyá náà ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe wa? Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, èmi náà yóò wá ṣe tèmi.

Ìyá mi ti darúgbó, kì í rán aṣọ mọ́. Ó jókòó tì mí níbi fírídọ̀ọ̀mù wa ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo ń pe àwọn ọmọ lórí fídíò lọ́kọ̀ọ̀kan tí òbí wọn ń gbàdúrà lé wọn lórí nílé wọn, ní Sokoto, ní Gombe, ní Makurdi. Nígbà tí a parí, ó bi mí pé, "Ṣé o mọ ilé wọn?" Mo ní, "Mo mọ ilé wọn, Ìyá mi. Mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ṣi ìfọkàntán ọmọ ọlọ́mọ lò. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, ọdún tó ń bọ̀ á tún bá wa láyọ̀. Àmín.